Bàbá Fẹ́ Padà Sófuurufú: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹni Tó Ti Pa Hang Gliding Tì Mọ̀ Kó Tó Tún Fò

Fún ẹ̀yin tí ẹ wà nínú bọ́ọ̀sì tí ariwo kò jẹ́ kí ẹ gbọ́ràn, ọ̀rọ̀ tí a sọ lórí ètò ọ̀sẹ̀ yìí rèé. A ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ lè máa kà á lórí fóònù yín.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan lára ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa láti ìlú Brighton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, òyìnbó ló fẹ́. Ó ní bàbá ọkọ òun fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n sì ti pé ẹni ọdún 66. Lọ́jọ́ Àìkú kan, bàbá gun àkàbà nínú ilé ìgbọ́kọ̀sí, wọ́n sì sọ ẹrù gígùn kan kalẹ̀ láti abẹ́ àjà. Ẹrù náà gùn ju mọ́tò wọn lọ, eruku sì ti bò ó. Hang glider ni. Bàbá kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi í fò ní 1978, wọ́n sì pa á tì ní 1985 nígbà tí wọ́n bí ọkọ arábìnrin wa. Wọ́n ní ọmọ ti dàgbà, iṣẹ́ ti parí, àwọn fẹ́ padà sófuurufú.

Ilé dàrú. Ìyá ọkọ, tó bá wọn sin ọ̀rẹ́ wọn kan tí gláídà pa nígbà náà lọ́hùn-ún, fàáké kọ́rí. Ọkọ ní kí wọ́n fi bàbá sílẹ̀ kí wọ́n jayé orí wọn. Arábìnrin wa wá bi wá pé: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni nǹkan yìí gan-an? Ṣé ó máa pa bàbá ni, àbí àwa la kàn ń bẹ̀rù jù?"

Ìdáhùn kúkurú rèé: bàbá lè padà. Wọn kọ́ ló máa kọ́kọ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má padà bí ọ̀gá. Kí wọ́n padà bí ọmọ iléèwé. Àlàyé ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ló kù.

Kí tilẹ̀ ni wọ́n ń pè ní hang gliding?

Ẹ̀yin tí ẹ ti rí fídíò àwọn tó ń fò láti orí òkè Kwahu ní Ghana nígbà ọdún Àjíǹde, paragliding nìyẹn. Aṣọ àti okùn lásán ni, kò ní egungun kankan. Téèyàn bá ká a tán, ó wọ inú báàgì tí a lè gbé kọ́ ẹ̀yìn, ìjókòó sì ni wọ́n fi ń fò ó.

Hang glider ní egungun. Àwọn ọ̀pá alumíníọ́mù ni, tí wọ́n fi aṣọ líle bò, tó wá rí bíi lẹ́tà V tí ṣónṣó rẹ̀ kọjú síwájú. Páílọ́ọ̀tì máa ń dojú bolẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó sùn sórí ikùn, okùn kan ló sì so ó rọ̀ mọ́ àárín apá náà. Irin onígun mẹ́ta kan wà níwájú rẹ̀ tó máa ń dì mú. Kò sí ẹ́ńjìnnì, kò sí bíréèkì. Ara páílọ́ọ̀tì ni sítíàrì. Bó bá fa irin náà mọ́ra, ìwọ̀n ara rẹ̀ á bọ́ síwájú, imú gláídà á rẹlẹ̀, eré á pọ̀ sí i. Bó bá tì í lọ síwájú, imú á gbéra, eré á dínkù. Bó bá fẹ́ yà sí òsì, á sún ara rẹ̀ sí òsì. Tí eré bá wá dínkù jù, afẹ́fẹ́ ò ní lè gbé apá náà dúró mọ́, gláídà á sì já wálẹ̀ kó tó tún rí eré sá.

Báwo ló ṣe ń pẹ́ lókè nígbà tí kò ní ẹ́ńjìnnì? Ẹ wo àwòdì lókè ọjà lọ́sàn-án gangan. Ó ń yí po, ó ń yí po, kò ju apá, síbẹ̀ ó ń ga sí i. Oòrùn ti mú ilẹ̀ gbóná, ilẹ̀ mú afẹ́fẹ́ gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná sì ń gòkè; inú rẹ̀ ni àwòdì wà. Ohun tí páílọ́ọ̀tì ń ṣe náà nìyẹn. Ọ̀nà kejì ni kí afẹ́fẹ́ fẹ́ lu ẹ̀gbẹ́ òkè, kó má ríbi gbà, kó wá gba òkè lọ. Ẹni tó bá dúró sínú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ lè wà lókè fún wákàtí púpọ̀. Ní oṣù Keje 2012, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Dustin Martin, gbéra láti Zapata ní ìpínlẹ̀ Texas, kò sì balẹ̀ títí ó fi fò tó kìlómítà 764. Ẹ fojú inú wò ó: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti Èkó dé Kano téèyàn bá gba ojú ọ̀run tààrà, láìsí ẹ̀kán epo kan.

Kọ́tìnnì ilé ìdáná àti ọ̀rá ọ̀gẹ̀dẹ̀

Kí a lè mọ ohun tó ń ba ìyá lẹ́rù, ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn díẹ̀.

Ará Jámánì kan, Otto Lilienthal, ni bàbá eré yìí. Láàárín ọdún 1891 sí 1896, ó fò tó nǹkan bí ìgbà 2,000 láti orí àwọn òkè tó wà ní agbègbè Berlin, ìwọ̀n ara rẹ̀ ló sì fi ń darí gláídà rẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ 1896, gláídà dúró mọ́ ọn lọ́wọ́ lókè, ó sì já láti ibi tó ga tó nǹkan bíi mítà 15. Egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́, ọjọ́ kejì ló kú.

Ní 1948, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Amẹ́ríkà kan, Francis Rogallo, àti Gertrude ìyàwó rẹ̀ ṣe apá kan tó rọ̀, tí kò ní egungun líle. Kọ́tìnnì ilé ìdáná wọn ni wọ́n gé rán. NASA dán irú apá náà wò bóyá ó lè gbé àwọn tó ń bọ̀ láti òfuurufú balẹ̀, ṣùgbọ́n pàráṣúùtì ni wọ́n padà lò. Ní 1963, ní ìlú Grafton ní Australia, John Dickenson mú ọgbọ́n apá yẹn, ó fi ọ̀rá tí àwọn àgbẹ̀ fi ń bo odi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe aṣọ rẹ̀, ó sì so irin onígun mẹ́ta mọ́ ọn lábẹ́. Irin yẹn ni páílọ́ọ̀tì ṣì ń dì mú títí dòní.

Nígbà tó di àwọn ọdún 1970, eré náà ràn bí iná ọyẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi ọparun àti ọ̀rá kan gláídà fúnra wọn, wọ́n sì ń fò láìsí olùkọ́. Ọ̀pọ̀ ló kú. Àléébù kan wà lára gláídà ìgbà yẹn: tí imú rẹ̀ bá ti dorí kodò ju bó ṣe yẹ, afẹ́fẹ́ á kúrò nínú aṣọ, aṣọ á máa fẹ́ lẹ́lẹ́ bí àsíá, kò sì sí ohun tí páílọ́ọ̀tì lè fi ara ṣe tí imú yóò fi tún gbéra. Tààrà ló ń lọ sílẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe gláídà wá ojútùú sí i. Wọ́n fi okùn di ẹ̀yìn aṣọ náà mú kó má lè rọ̀ kọjá ààyè kan, wọ́n fi àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ sínú aṣọ bí egungun ìhà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé gláídà sórí mọ́tò, wọ́n á sáré, wọ́n á wọ̀n ọ́n bóyá imú rẹ̀ á padà gbéra fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó tà á. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìyá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó kàn ń ṣojo. Ohun tí wọ́n fojú rí ni wọ́n ń sọ. Ohun tó pa ọ̀pọ̀ èèyàn nígbà náà ni wọ́n ti wá nǹkan ṣe sí, ṣùgbọ́n ewu mìíràn wà tó jẹ́ ti ẹni tó ń padà bọ̀ nìkan.

Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Gláídà ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 máa ń lọ síwájú ní nǹkan bíi mítà 4 fún mítà 1 tó bá fi sọ̀kalẹ̀. Èyí tó dára jù lọ lónìí máa ń lọ tó mítà 15 fún mítà 1. Láti orí òkè tó ga ní mítà 100, ti àtijọ́ á gbé yín lọ ní mítà 400. Tòní á gbé yín lọ ní mítà 1,500.

Lókè, ohun rere ni. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ balẹ̀ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ká ní ẹ dé etí pápá bọ́ọ̀lù kan, ẹ sì ga ní mítà 10. Gláídà àtijọ́ á rìn ní mítà 40, á balẹ̀ sí àárín pápá. Tòní lè rìn tó mítà 150, pápá bọ́ọ̀lù sì sábà máa ń gùn ní nǹkan bíi mítà 100. Ẹ ti kọjá ilé bọ́ọ̀lù ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ ti ń lọ bá fẹ́ǹsì. Ojú tó ti mọ́ gláídà àtijọ́ á sọ fún bàbá pé, "Ó ti tó, máa bọ̀ nílẹ̀." Irọ́ ni ojú ń pa, bẹ́ẹ̀ ó dá ara rẹ̀ lójú. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kò ní irú ìṣòro yìí, nítorí kò ní àṣà kankan tó fẹ́ gbàgbé.

Nǹkan mìíràn tó yí padà ni àwọn tí ẹ máa bá lókè. Ní 1985, hang glider ló pọ̀ jù lójú òkè. Ẹ lọ sí Devil's Dyke, òkè ńlá tó wà nítòsí Brighton, lónìí: paragliding ló kún ibẹ̀. Wọn kò yára tó hang glider, bí wọ́n sì ṣe ń yà yàtọ̀. Ẹni tó bá ń fò bí ẹni tí òun nìkan wà lókè lè lọ kọ lu ẹlòmíì.

Àwọn ọ̀nà tí ọkọ̀ òfuurufú ńlá ń gbà pẹ̀lú ti yàtọ̀ sí ti ìgbà náà. Ibi tí bàbá ti máa ń fò fàlàlà lè ti di ibi tí a kò gbọ́dọ̀ wọ̀.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni fóònù. Nígbà náà, irinṣẹ́ kan wà tó ń sọ bóyá èèyàn ń gòkè tàbí ó ń sọ̀kalẹ̀. Bí èèyàn bá fẹ́ mọ ibi tó wà, máàpù ló ń wò. Lónìí, áàpù wà lórí fóònù lásán tó ń fi ibi tí ẹ wà hàn, bí ẹ ṣe ga tó, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, àti ibi tí òfin ní kí ẹ má wọ̀. Ọ̀pọ̀ páílọ́ọ̀tì ṣì ń ra ẹ̀rọ kékeré tó ń pariwo "pì-pì-pì" nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń gbé wọn ròkè, kí ojú wọn lè wà níta dípò kó máa wo fóònù. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn fún àwa tí ojú wa kì í kúrò lára fóònù.

Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ

Ẹni tí kò mọ odò wẹ̀ kì í wọ ibú. Òmùwẹ̀ ló ń wọ̀ ọ́, òun náà sì ni odò ń gbé lọ.

Ara kì í gbàgbé ohun tó bá mọ̀ dáadáa. Ọwọ́ bàbá á rántí pé kí a fa irin mọ́ra kí eré lè pọ̀. Ìgboyà á sì tètè padà, nítorí ó rọrùn láti rántí bí ó ṣe dùn tó. Àwọn nǹkan kéékèèké tí kò dùn, tó ń dáàbò bo ẹ̀mí, ni ọkàn kọ́kọ́ máa ń dà nù.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni síso ara ẹni mọ́ gláídà. Ó dà bí ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè gbàgbé, àbí? Ní 2018, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan rin ìrìn àjò ìgbafẹ́ lọ sí Switzerland, ó sanwó kí páílọ́ọ̀tì kan gbé òun fò. Páílọ́ọ̀tì so ara rẹ̀, ó gbàgbé láti so àlejò rẹ̀. Ìgbà tí ẹsẹ̀ wọn kúrò nílẹ̀ ni wọ́n tó mọ̀. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ lásán rọ̀ mọ́ irin àti ara páílọ́ọ̀tì fún ìṣẹ́jú méjì ó lé díẹ̀ kí wọ́n tó balẹ̀. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́, iṣan apá rẹ̀ já, ṣùgbọ́n orí kó o yọ. Fídíò rẹ̀ wà lórí YouTube, ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti wò ó.

Ẹ kíyè sí i: páílọ́ọ̀tì yẹn kì í ṣe ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Iṣẹ́ tó ń ṣe jẹun ni. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́ gbogbo ẹni tó bá fẹ́ fò pé kó fi ara rẹ̀ rọ̀ lórí ilẹ̀ ná: ẹnì kan á di imú gláídà mú, páílọ́ọ̀tì á na ara rẹ̀ gbọọrọ lábẹ́ rẹ̀, á sì rí i pé okùn gbé òun dúró lóòótọ́. Kí ó tó sáré gan-an, á tún yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí èèyàn lè tú ara rẹ̀ kó lọ mú ìbọ̀wọ́, kó padà dé, kó rò pé òun ṣì wà nínú okùn. Bàbá tó ti so ara wọn ní ọgọ́rùn-ún ìgbà ni irú èrò bẹ́ẹ̀ máa ń wá sí lọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí náà wà níbẹ̀. Gláídà tó fúyẹ́ máa ń wọ̀n tó kìlógíráàmù 20 sí 25, ti ìdíje sì lè lé ní 30. Èjìká ni wọ́n fi ń gbé e, wọ́n á sì gbé e sáré kó tó gbéra. Egungun ẹni ọdún 66 kì í tètè jinná bíi ti ẹni ọdún 20, ojú kì í sì í tètè rí wáyà iná láti òkèèrè mọ́. Èyí kò ní kí bàbá má fò. Ó kàn ní kí wọ́n lọ rí dókítà ná, kí wọ́n sì ṣe eré ìdárayá fún oṣù díẹ̀ kí wọ́n tó kan gláídà.

Ẹrù tó wà nílé ìgbọ́kọ̀sí

Lórí èyí, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: kí bàbá má fi gláídà yẹn fò.

Ìtànṣán oòrùn ti jẹ aṣọ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi fò, ó lè dán lójú kó sì ya bí ìwé. Òwú tí wọ́n fi rán an máa ń tètè kú ju aṣọ lọ. Omi inú afẹ́fẹ́ máa ń jẹ alumíníọ́mù láti inú, níbi tí ojú kò tó. Okùn irin tó bá ti wọ́ lẹ́ẹ̀kan ti pàdánù nínú agbára rẹ̀, bó tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó ti nà padà. Bí pàráṣúùtì àtijọ́ bá sì wà pẹ̀lú rẹ̀, ó ti wà ní kíká láti ọdún yìí wá, ó lè má ṣí. Lóòrèkóòrè ni wọ́n ń tú pàráṣúùtì, tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, tí wọ́n sì ń tún un ká. Kí wọ́n gbé gláídà náà kọ́ ògiri. Ìtàn ni, kì í ṣe ọkọ̀.

Bí mo bá jẹ́ bàbá

Ohun tí mo máa ṣe rèé, ní tẹ̀léǹtẹ̀lé.

1. Mo máa darapọ̀ mọ́ BHPA, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó hang gliding àti paragliding ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìbánigbófò wà nínú owó ẹgbẹ́ wọn, tó máa bá mi sanwó bí mo bá ṣe ẹlòmíì léṣe.

2. Mo máa lọ sí iléèwé tí wọ́n fọwọ́ sí. Ti hang gliding kò pọ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ó lè gba ìrìn àjò. Mo máa sọ fún olùkọ́ pé ogójì ọdún ni mo ti kúrò níbẹ̀, mi ò ní fi iye ìgbà tí mo ti fò rí yangàn.

3. Mo máa bẹ̀rẹ̀ látorí òkè kékeré, tí ẹsẹ̀ kì í ga kúrò nílẹ̀. Tàbí kí n bá olùkọ́ fò nínú gláídà ẹlẹ́ni méjì, tí ọkọ̀ òfuurufú kékeré máa ń fi okùn fà gòkè. Èyí wúlò fún orúnkún tó ti ń dun ni, nítorí táyà ló ń sáré, kì í ṣe ẹsẹ̀.

4. Gláídà tó rọrùn ni mo máa rà, kì í ṣe ti ìdíje. Èyí tó ń lọ jẹ́jẹ́, tó ń dárí ji èèyàn, tó sì ṣeé bà sílẹ̀ ní pápá kékeré. Mo máa ra pàráṣúùtì tuntun àti akoto tuntun.

5. Mo máa pinnu sílẹ̀, kí n tó kúrò nílé, bí afẹ́fẹ́ á ṣe le tó tí n kò fi ní fò. Òkè á wà níbẹ̀ lọ́la. Ẹni tó ti pẹ́ kó tó padà ni ìkánjú máa ń mú jù, á máa rò pé ọdún ti lọ.

Kí ni bàbá ń wá gan-an?

Mo pe arábìnrin wa kí a tó gbé ètò yìí jáde, mo sì ka àwọn nǹkan wọ̀nyí fún un. Ó ní òun ti bi bàbá léèrè ìdí tí wọ́n fi fẹ́ padà. Wọ́n ní ó ní ọjọ́ kan ní 1983, tí àwọn àti ẹyẹ kan jọ yí po nínú afẹ́fẹ́ kan náà, tí ẹyẹ yẹn sì yíjú wo àwọn. Láti ọjọ́ náà, wọn kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nílé.

Ìyá gbọ́ ọ láti yàrá kejì. Wọ́n ní àwọn kò tíì gbà, ṣùgbọ́n tí bàbá bá máa lọ sí iléèwé, àwọn á tẹ̀ lé wọn lọ fojú ara àwọn rí olùkọ́ náà. Ní tèmi, ibi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí ìyá bá wà níbẹ̀ tí wọ́n ń di imú gláídà mú nígbà tí bàbá bá ń fi ara wọn rọ̀ nílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fara balẹ̀ yẹ okùn náà wò jù wọ́n lọ.

Tí ẹ̀yin náà bá ní nǹkan tí ẹ ti pa tì tipẹ́ tí ẹ fẹ́ padà sí, yálà odò ni o, ẹṣin ni o, ọ̀kadà ni o, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa. Títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó dàbọ̀ o.